Ta Ló Ní Kí Màmá Yín Fi Ọjà Olúwo Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 71 ni màmá wa, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Nígbà tí wọ́n parí opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí wọ́n ṣe fún bàbá wa, a ní kí wọ́n má padà sọ́jà mọ́, kí wọ́n sinmi. Wọn kì í fẹ́ jẹun báyìí. A ń fún wọn ní Valium kí wọ́n lè sùn. Oògùn wo ló ń mú ọkàn àgbà le?

ÌDÁHÙN: Kò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń polówó irú ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kọjú sí fèrèsé.

Ìsinmi tí ẹ fún wọn yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ọkọ lọ, àdánù kìíní nìyẹn. Ẹ̀yin wá fi oníbàárà kún un, ẹ fi àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń yẹ̀yẹ́ ara wọn láàárọ̀ kún un, ẹ fi àjọ kún un, ẹ tún fi owó ọwọ́ ara wọn kún un. Kí ló kù tí wọn óò torí ẹ̀ jí? Okun inú kì í ṣe aṣọ àrán tí à ń tọ́jú sápótí. Ẹsẹ̀ tá ò fi rìn, rírọ ló ń rọ.

N ò ní kí wọ́n máa ru agbọ̀n o. Ẹ wá ọmọ tí yóò máa gbé ẹja, kí màmá jókòó, kí wọ́n máa dá iye lé e, kí wọ́n máa bá èèyàn nájà, ì báà ṣe wákàtí 2 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ọdún Káyókáyó tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ bá dé, ẹ má torí ariwo tì wọ́n mọ́lé. Bí wọ́n bá sì ń sunkún bàbá, ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà.

Valium ńkọ́? Ta ló kọ ọ́ fún wọn? Ara àgbà kì í tètè gbá a dànù. Ó máa ń dà wọ́n lọ́kàn rú, ó sì ń gbé wọn ṣubú lóru. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ mú páálí ẹ̀ dání lọ bá dókítà. N kò rí màmá, n kò lè sọ pé ìsoríkọ́ ni. Àìsàn ṣúgà tàbí oògùn mìíràn lè wà nídìí àìjẹun náà, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Bí wọ́n bá sì ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ìsọ̀ yẹn, ta lẹ fún? Ẹ lọ gbà á padà.