“Ìyá, Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Yìí Ti Sú Mi”: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú kálàmù. O ní ọdún kẹsàn-án rẹ rèé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ìfẹ́ tí o fi wọ inú iṣẹ́ náà ti tán, pé kò sí ohun tí o ń ṣe lálaalẹ́ ju kí o máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé, kí o sì máa yí àwọn tí kò lè dìde sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ara wọn bá sì yá, dókítà ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́ kí n mú yíyí aláìsàn tí o fojú kéré yẹn. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, bí ó bá dùbúlẹ̀ sójú kan fún wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé awọ ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́. Awọ náà á kọ́kọ́ pọ́n, á bó, egbò ibẹ̀ sì lè jinlẹ̀ títí á fi kan egungun. Ìwọ tí o yí i padà ní aago méjì òru, tí o fi ọwọ́ kan awọ náà wò, tí o na aṣọ ibùsùn tó ká jọ sábẹ́ rẹ̀, o ti gbà á lọ́wọ́ egbò tí kò ní mọ̀ láéláé pé ìbá dá òun. Ta ni yóò dúpẹ́ oore tí kò rí? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti ṣòro, ibẹ̀ náà sì ni iyì rẹ̀ wà lójú tèmi.

Nọ́ńbà náà kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Aláìsàn tó ń mí ní ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan lánàá, tó wá ń mí ní ìgbà 26 lálẹ́ yìí, ara rẹ̀ ti ń ké kí ẹnu rẹ̀ tó sọ̀rọ̀, ìwọ tí o ń kà á ni o sì máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀. O mẹ́nu bà á, bí ẹni tí kò sọ nǹkan, pé òru mẹ́fà léraléra ni o fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ká mi lára ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn kan yóò ní ìpè Ọlọ́run ni, kí o máa fara dà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ara tí kò sùn kì í mọ adùn iṣẹ́ kankan. Lọ bá mátírọ́ọ̀nù rẹ lọ́sẹ̀ yìí, béèrè ìsinmi, kí o sùn kí o tó pinnu ohunkóhun. Bí o bá padà, tí ọkàn rẹ ṣì ṣófo, ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, nítorí ohun tí ẹni tó ń gbẹ̀bí ń rí yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó ti ń lọ.

O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ pé bàbá àgbàlagbà kan tí kò rí ẹbí kankan di ọwọ́ rẹ mú títí ilẹ̀ fi mọ́, pé o kò mọ ìdí tí o fi ń rántí rẹ̀. Nígbà tí o bá ti sùn, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi nípa bàbá yẹn.