Orúkọ oògùn tí wọ́n fín sí pápá ilé-ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìpayà. Ẹ ní wọ́n fín oògùn apakoríko sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ yín ń lọ nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà lórí ìlà, pé láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ti ń yún un, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì ń sọ pé oògùn koríko lásán ni, kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ẹ wá béèrè pé ta ni kí ẹ kọ̀wé sí, àti pé ṣé kí ẹ máa dá ọmọ dúró sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fín in. Ẹni tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Ó dáa o. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn aládàáni náà ń fín in, wọ́n kàn ń fín in lọ́jọ́ Sátidé ni.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá oògùn náà ń pa èèyàn tàbí kì í pa èèyàn. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jáde kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n rà á. Ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jiyàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Wọn yóò wá ẹnì kan tó ní ìwé ẹ̀rí wá, ẹ̀yin yóò sì di ìyá aláìmọ̀kan tó ń pariwo.

Ojú mi ló ṣe. Ọdún 2024 ni, ní ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wa. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn kíláàsì kẹrin, ìgbà máńgòrò sì ni. Ọkùnrin tó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn ti fín gbogbo abẹ́ igi náà kí wọ́n tó lu aago ìsinmi. Bí aago ṣe lù báyìí, àwọn ọmọ ya bo ibẹ̀, wọ́n ń ṣa máńgòrò tó já sínú koríko tútù, wọ́n ń nù ún mọ́ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń gé e jẹ. Ìyá olóúnjẹ náà wà nídìí ọgbà, ó ń já tẹ̀tẹ̀ àti ebòlò tó máa fi se ọbẹ̀ lálẹ́. Mo figbe ta. Ọkùnrin náà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé omi ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo koríko akíntọ́lá ibẹ̀ ti rọ, ewé wọn ti jóná. Ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn tó bá jó ewé láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, tí gbòǹgbò sì tún ń hù padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ paraquat. Glyphosate kì í yára bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí koríko tó kú, torí gbòǹgbò ló ń bá lọ. Atrazine ní tirẹ̀, àwọn alágbàdo ló mọ̀ ọ́n jù. Inú ilẹ̀ ló ń pẹ́ sí, ó sì ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Bí ilé-ìwé yín bá ní kànga, ẹ má gbàgbé kànga náà.

Ìyà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ti ọ́fíìsì ni. Lẹ́tà kíkọ kò le, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ibi tí ẹ máa gbé e lọ ni wàhálà wà. Mo gbé tèmi lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó. Mo padà lọ, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Mo tún lọ, wọ́n ní fáìlì ti lọ sókè. Òkè wo? Kò sẹ́ni tó mọ òkè. Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá náà, kò tilẹ̀ ka lẹ́tà náà tán tó fi ní ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ti ètò ẹ̀kọ́, kí n lọ bá àwọn wolé-wolé. Àwọn wolé-wolé ní ṣáláńgá àti ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ làwọn ń yẹ̀ wò ní ilé-ìwé, pé oògùn oko, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Àwọn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní oko làwọn wà fún, pápá ilé-ìwé kì í ṣe oko. Ẹ ò rí ayé? Oògùn tó wà lára ọmọ wa, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì ìkẹyìn yẹn tó ń jẹ ẹ̀pà bó ṣe ń dá mi lóhùn, tó sì ń da èèpo rẹ̀ sórí lẹ́tà mi. Sórí lẹ́tà mi! Mo gbọn èèpo náà dànù, mo ní kó bá mi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi pé wọ́n ti gbà á. Ó wò mí títí, ó ní kí ni mo fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe mí lóore ju gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ. Ẹ gbé ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì. Ẹkún ìyá ọmọ kì í ba òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́rù, ìwé tó ní ọjọ́ nínú ló ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ kọ òmíràn pé òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ìròyìn, FOI ti ọdún 2011, lẹ dúró lé lórí tí ẹ fi ń béèrè orúkọ oògùn náà àti rìsíìtì tí wọ́n fi rà á. Ọjọ́ méje ni òfin yẹn fún wọn.

Ẹni tí ẹ máa kọ ọ́ sí: lẹ́tà kan ṣoṣo ni, kí orúkọ gbogbo wọn wà lókè rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, SUBEB tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, àti ọ́fíìsì NAFDAC níbẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn. Bí kálukú bá ti rí orúkọ ẹnì kejì níbẹ̀, yóò ṣòro fún un láti ní kì í ṣe tòun. Kí àwọn òbí mìíràn fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí wọ́n wá pè, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀gbẹ́ni kan wá, wọ́n ní ògbógi ni nípa oògùn oko. Ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó ní oògùn náà kò le tó iyọ̀ ọbẹ̀, pé ọwọ́ lásán lòun fi ń pò ó, pé àwọn òyìnbó ń fín in síbi gbogbo, àwa obìnrin là ń dá ìjayà sílẹ̀. Àwọn bàbá kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ṣé ọkọ mi mọ̀ pé mo wà níbí. Mo dìde, mo bi ọ̀gbẹ́ni náà ní ìbéèrè kan: kí lorúkọ oògùn tí wọ́n fín? Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ń gbèjà rẹ̀ bọ̀ látàárọ̀, kò mọ orúkọ rẹ̀! Ọ̀gá ilé-ìwé náà kò mọ̀ ọ́n. Ni bàbá tó ń ṣọ́ ilé-ìwé bá wọ sítóò lọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Ohun tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí omi aró, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá kan. Paraquat ni, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe paraquat ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àwọ̀ àti òórùn yẹn sí i kí èèyàn má bàa ṣèèṣì mu ún, torí díẹ̀ péré lè pa àgbàlagbà, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kankan. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni fi wé iyọ̀ nìyẹn. NAFDAC sì ti fòfin dè é pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ìkéde náà wà nínú báàgì mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Mo kà á sí wọn létí. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n fòfin de chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò, lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, atrazine tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025.

Ní ti òyìnbó tó ń fín in síbi gbogbo, àbúrò mi tó ń tọ́mọ ní New York ló sọ fún mi pé òfin kan wà níbẹ̀ láti 2010 tí kò jẹ́ kí wọ́n fín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí pápá ilé-ìwé àti ti ibi ìtọ́jú ọmọdé, àfi bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Ní California, Dewayne Johnson tó ń tọ́jú pápá ilé-ìwé gbé iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn glyphosate lọ sílé ẹjọ́ nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n sì dá a láre lọ́dún 2018. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2015 pé ó jọ pé glyphosate ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn àjọ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ glyphosate lẹ rí lára kẹ́ẹ̀gì tiyín, ẹ má sọ pé òfin ti dè é bíi paraquat, wọn yóò fi ìyẹn mú yín. Ẹ di ti pé wọ́n fín in nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ìlà mú, wọn kò lè sẹ́ ìyẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹjọ́ kan tó jẹ́ òótọ́ o. Ejò. Nígbà tí koríko ga tí ejò wọ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, àwa òbí kan náà la pariwo. Nígbà tiwa, ọjọ́ Furaidé ni ọjọ́ àdá, ẹni tó bá pẹ́ dé ló ń gé koríko. Lónìí, òbí á wá jà nílé-ìwé pé wọ́n fún ọmọ òun ní àdá. Ta ni kó wá gé e? Ìgbìmọ̀ SBMC tiwa, ìyẹn àwọn òbí àti ará àdúgbò tó ń bá ilé-ìwé ṣàkóso, ń dá owó díẹ̀díẹ̀, a gba ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìgékoríko, ó ń wá dáadáa nígbà òjò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́. Ẹ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé lẹ́tà lọ.

Ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi púpọ̀, kí ẹ fọ yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí yíyún náà kò bá lọ, dókítà ni, kì í ṣe kẹ́mísì. Bí ọmọ kankan bá ṣèèṣì gbé irú nǹkan yìí mì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun pé kó bì. Ilé-ìwòsàn kíá, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì náà tàbí fọ́tò rẹ̀. Àti Sniper tí àwọn olùkọ́ ń fín sí kíláàsì nítorí ìdun! DDVP, oògùn apakòkòrò tó le, ló wà nínú rẹ̀ o, láti 2019 ni NAFDAC ti ń lé àwọn ìgò kékeré rẹ̀ kúrò lọ́jà. Wọ́n á fín in tán, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wọlé.

Kí lẹ tún béèrè? Dídá ọmọ dúró sílé. Bí ẹ bá mọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ wọn kì í sọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ fi sínú lẹ́tà pé kí wọ́n máa sọ ọ́. Kí ọmọ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bi í léèrè irú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń pọn omi mímu sí kíláàsì wọn. Kẹ́ẹ̀gì oògùn ni wọ́n ń lò nílé-ìwé tiwa, wọ́n ní àwọn ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ẹ lu ihò sí i nídìí kí ẹ tó gbé e dànù, torí ẹni tó bá rí i lórí àkìtàn yóò tún gbé e lọ pọnmi.