Ilẹ̀ ọdẹ lórí òkè Montana: ṣé ká tà á ni?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùmù, Alfa wa. Denver ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, Mùsùlùmí bíi tèmi, dáwó jọ ra ilẹ̀ ránṣì kan ní ìpínlẹ̀ Montana. Òkè wà níbẹ̀, igbó wà, odò ẹlẹ́ja gba àárín rẹ̀ kọjá, a sì kọ́ ilé onígi kan síbẹ̀. Tí àsìkò ọdẹ bá dé, a máa ń lọ yìnbọn pa elk, àgbọ̀nrín ńlá tilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń fi ìwọ̀ pẹja. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní hádíìsì sọ pé ẹni tó bá ń tọ ẹran ìgbẹ́ lẹ́yìn yóò di onígbàgbéra, pé ká tètè ta ilẹ̀ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹran tí ìbọn pa ńkọ́? Ìrun Jímọ̀ wa ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa aléékúmú sàlámù. Ẹ má tíì ta nǹkan kan.

Hádíìsì tó kà fún yín wà lóòótọ́. Abú Dáwúdà àti Tírímísì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbās pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó bá ń gbé aṣálẹ̀ yóò di ọlọ́kàn líle, ẹni tó bá ń tọ ẹran ìgbẹ́ yóò gbàgbéra, ẹni tó bá sì ń lọ sẹ́nu ọ̀nà ọba yóò kó sínú àdánwò. Ìdájọ́ tí ẹni mọ́ṣáláṣí yín yẹn yọ nínú rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Bí ọdẹ bá jẹ́ háráàmù, Ọlọ́hun kì bá tí sọ nínú Súrátù Máídà, áyà kejì, pé tí ẹ bá ti bọ́ kúrò nínú háráàmí, ìyẹn ipò ẹni tó ń ṣe Hájì, ẹ lè dọdẹ. Ọdẹ ni Adiyy ọmọ Hātim, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ó sì bi Òjíṣẹ́ léèrè nípa àwọn ajá rẹ̀. Òjíṣẹ́ kò ní kó lé wọn dànù. Ńṣe ló kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa fi wọ́n ṣọdẹ. Àìsàn tó máa ń mú ọdẹ ni hádíìsì yẹn dárúkọ fún wa ká lè ṣọ́ra fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àìsàn náà ti lè mú ẹ̀yin gan-an. Elk kì í jẹ̀ lọ́sàn-án gangan tó bó ṣe ń jẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́. Òfin Montana sì gbà kí ọdẹ yìnbọn láti ìṣẹ́jú 30 ṣáájú yíyọ oòrùn títí di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn wíwọ̀ rẹ̀. Àkókò tí ẹran ń jáde, tí òfin sì gbà yín láyè, inú rẹ̀ ni òpin Súbúhì àti ìbẹ̀rẹ̀ Mágríbì bọ́ sí. Ní ìparí oṣù November, oòrùn ti ń wọ̀ níbẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ásírì náà kò sì ní jẹ́ kí ẹ sinmi. Ẹni tó ti lúgọ láti òru, tí ẹran ń bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀, tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé “kí n pa eléyìí ná”: ẹni tí hádíìsì ń bá wí nìyẹn. Àyè wà tí a bá fẹ́ lò ó. Súbúhì ti máa ń wọlé tipẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 yẹn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe àlùwàlá nílé, ẹ kírun lórí òkè tí àkókò bá wọlé, kí ẹ tó wo ojú ìbọn. Nírọ̀lẹ́, ẹ kí Ásírì kí ẹ tó lúgọ. Tí oòrùn bá wọ̀, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀. Ìdajì wákàtí tí ìjọba fi kún un kì í ṣe tiyín.

Tí ẹni yẹn bá tún ka hádíìsì yìí fún yín, ẹ ka èyí tó wà nínú Bùhárì fún òun náà. Abú Saíd al-Khudrī gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ pé àkókò kan ń bọ̀ tí dúkìá tó dára jù fún Mùsùlùmí yóò jẹ́ àgùntàn tí yóò máa dà lọ sórí òkè àti ibi tí òjò ń rọ̀ sí, tí yóò máa gbé ẹ̀sìn rẹ̀ sá fún fìtínà. Abú Saíd yìí kan náà ló sọ fún ẹnì kan tó fẹ́ràn aṣálẹ̀ pé kó gbé ohùn sókè tó bá ń pe ìrun níbẹ̀, torí kò sí àlùjọ̀nnú, ènìyàn tàbí ohunkóhun tó gbọ́ tí kò ní jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ Àlìkíyámà. Nítorí náà ẹ pe ìrun lórí òkè yín, ẹ pè é sókè. Mẹ́ta sì ni yín: Òjíṣẹ́ sọ pé kò sí ẹni mẹ́ta tó wà ní abúlé tàbí aṣálẹ̀ tí wọn kò kírun jọ àyàfi kí Èṣù borí wọn, pé àgùntàn tó bá dá wà ni ìkookò ń jẹ. Wọ́n dá ìkookò padà sí ọgbà ẹranko ìgbẹ́ Yellowstone lọ́dún 1995, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ lápá ibẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn.

Ní ti Jímọ̀, arìnrìn-àjò ni yín. Níní ilẹ̀ níbẹ̀ kò sọ yín di ará ibẹ̀ ní ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá ń tọ̀. Ẹ lè dín ìrun olópòó mẹ́rin kù sí méjì, àyàfi tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tàbí tí ìyàwó ẹnì kan nínú yín bá ń gbé ibẹ̀. Ẹni náà yóò kí i pé. Jímọ̀ kò di dandan fún arìnrìn-àjò, ẹni mẹ́ta nínú igbó kò sì lè dá a sílẹ̀; Súhúrì ni kí ẹ kí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí ẹ ń gbéra. Mo mọ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń lo òpin ọ̀sẹ̀. Tí oòrùn bá ti yẹ̀ àtàrí lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹ ṣì wà ní Denver, ẹ kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò títí ẹ ó fi kírun tán.

Ẹran tí ìbọn pa: nígbà tí ẹ̀tù ìbọn dé, àwọn àlùfáà jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ad-Dardīr nínú àwọn Màlíkì sọ pé ó ṣe é jẹ, torí ọta ń gúnni wọlé ju àwọn ohun ìjà mìíràn lọ. Èyí ni mo dúró lé. Ẹ sọ Bísímílláì nígbà tí ẹ bá fẹ́ yìn ín; èyí tí ẹ sọ nígbà tí ẹ ń ki ọta kò kà. Tí ẹ bá gbàgbé, Ọlọ́hun dárí jì yín. Tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, òkúǹbete ni. Tí ẹ bá bá a láàyè, ẹ dúńbú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ òkè ti le nìyí: elk tí ẹ yìn tó yí gbirigbiri já láti orí àpáta, tàbí tó ṣubú sódò, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ọta ló pa á tàbí ìṣubú tàbí omi, ẹ fi sílẹ̀. Adiyy gba ìkìlọ̀ ti omi náà lẹ́nu Òjíṣẹ́. Èyí tó sá lọ tí ẹ kò rí títí di ọjọ́ kejì, Rísálà, ìwé òfin Màlíkì, mú ọ̀rọ̀ méjì wá lórí rẹ̀. Èyí tó ní ká má jẹ ẹ́ ló fọkàn mi balẹ̀ jù.

Ẹ má pa ẹran nítorí ìwo tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ògiri. Òjíṣẹ́ kọ̀ fún wa láti fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ibi ìdánrawò ìbọn, òfin Montana pàápàá kò sì gbà kí ọdẹ fi ẹran ṣòfò. Béárì àti ẹranko apanijẹ, ẹ yàgò fún wọn. Ẹja kò nílò dúńbú, òkú omi hálálì ni. Àmọ́ fífi ìwọ̀ fa ẹja lẹ́nu ya fún eré, kí ẹ tún dá a padà sódò láìsí pé òfin ní kí ẹ dá a padà, kò wù mí.

Odò yẹn náà: òfin Montana ti ọdún 1985 gbà kí ará ìlú gba inú odò kọjá kí wọ́n sì pẹja nínú rẹ̀, kódà tó bá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá. Òjíṣẹ́ sì sọ pé omi, koríko àti iná jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ má lé wọn.

Ajá ọdẹ kò léèwọ̀. Sàká kò sí lórí ilẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò rà á fún òwò, kò sì sí lórí ẹran ìgbẹ́. Tí ẹ bá sin màlúù, ó bẹ̀rẹ̀ láti 30. Àgùntàn, láti 40. Tí ẹ bá ń háyà ilé onígi náà, ìdá kan nínú 40 owó tó bá pé òdiwọ̀n sàká tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ yín ni ẹ ó yọ, kí oníkálukú ka ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀.