Ilé tí báǹkì fẹ́ lù ní gbàǹjo

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, báǹkì kan fẹ́ lu ilé alájà kan ní gbàǹjo ní Yábàá, nítorí pé onílé kò san gbèsè tó fi ilé náà dúró fún. Iye tí wọ́n pè é kò gani lára. Ṣé kí n rà á? Òǹkàwé, Súrùlérè.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó. Ẹ rán agbẹjọ́rò yín lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá, kí ó wò ó bóyá gómìnà fọwọ́ sí i nígbà tí onílé fi ilé náà yá owó, nítorí pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 béèrè fún un, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ nínú ẹjọ́ Savannah Bank ní ọdún 1989 pé fífi ilé dúró fún gbèsè láìsí àṣẹ gómìnà yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá onílé ti gbé báǹkì náà lọ sí kóòtù. Ní ti àwọn tó ń gbé inú ilé náà (ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí èyí), ẹni tó ń lu gbàǹjo kò ní bá yín kó wọn jáde. Ẹ lè ní láti gba àṣẹ kóòtù fúnra yín, nítorí náà ẹ fi ìnáwó ìyẹn kún iye tí ẹ ó dá. Rírà tiyín náà yóò tún nílò àṣẹ gómìnà.