Ṣé ká ti bọ̀dá mi mọ́lé kó lè jáwọ́ nínú paraga?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. Dánfó ni bọ̀dá mi ń wà, paraga ló fi ń fọ ẹnu láàárọ̀, tí ò bá tíì mu ún ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé tíì á máa dà sí i lára. Mọ́mì ní ká tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan ká tó gbé e lọ sórí òkè. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́lé o. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ọtí ti mọ́ ọpọlọ ẹ̀ lára nìyẹn (ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé àgbò jẹ̀díjẹ̀dí ni, ògógóró náà ni wọ́n fi rẹ egbò yẹn). Tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, kó tó pé ọjọ́ méjì ó lè ṣubú lulẹ̀ bí oníwárápá, tó bá wá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin àwọn míì á máa rí eku lára ògiri, wọ́n á máa bá ẹni tí ò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara á gbóná, òógùn á bò wọ́n, àwọn ará ilé á wá máa pariwo pé ẹ̀mí òkùnkùn ló ń jáde. Ẹ̀mí kankan ò jáde, ọtí tó dédé dá ni, ó sì ń pààyàn.

Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ẹ má da ìgò ẹ̀ nù. Mo mọ̀ pé èyí á ya Mọ́mì lẹ́nu. Wọ́n á fún un lóògùn bíi Valium, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lọ rà á fúnra yín o, tó bá pàdé ọtí nínú ara ó lè dá èémí dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí kẹ́mísì kankan fa dírípù glúkóòsì fún un láìtíì gba fítámì B1, ìyẹn lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ọsibítù ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú ẹ̀, ti Yaba l'Ékòó náà ń ṣe é. Mọ́mì lè tẹ̀ lé e, láti 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn wá sí Aro.

Gáréèjì ló máa le, torí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni àwọn tó ń ta paraga ń jókòó sí. Kó jẹun kó tó jáde, kó sì wá awakọ̀ kan tí kì í mutí tí wọ́n á jọ máa rìn. Tó bá tún mu ún, ẹ má bú u, ẹ dá a padà sí ọsibítù kíá, wọ́n á tún òògùn ẹ̀ wò.