Ọ̀kẹ́rẹ́ méjì tí mo tọ́ ti dàgbà, ṣé kí n kàn tú wọn sígbó ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbantoko l'Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Wọ́n gé ọ̀pẹ kan lẹ́yìnkùlé wa, ni ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ méjì bá já bọ́, ojú wọn ò tíì là, sírínjì ni mo fi ń fún wọn ní mílíìkì títí wọ́n fi dàgbà. Ní báyìí wọ́n ń fò kiri pálọ̀, wọ́n ń gé ẹsẹ̀ àga jẹ. Bàbá àwọn ọmọ ní ká gbé wọn lọ sígbó lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá lọ́jọ́ Sunday ká tú wọn sílẹ̀, ó parí. Ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ kọ́ kéèjì fún wọn síta. Irú kéèjì wo? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n fi Sunday yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé pálọ̀ nìkan ló mọ̀, tẹ́ ẹ bá dà á sínú igbó, kò mọ ibi tómi wà, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti ń gbé orí igi ibẹ̀ á máa lé e, bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù èèyàn, ọdẹ ló máa sáré lọ bá. Mo tú ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì pé wákàtí kan tí àṣá gbé e lọ lójú mi, ó ṣì ń dùn mí dòní. Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, ṣùgbọ́n tiyín ò tíì gun ìrókò rí.

Kéèjì tí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ kọ́ síta yẹn ló dáa. Ẹ ní kí káfíńtà kàn án ní fíìtì 4 sí 4, kó ga tó fíìtì 7, torí òkè ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń wá. Nẹ́ẹ̀tì adìẹ ló máa kọ́kọ́ dárúkọ torí kò wọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà, ejò á gba ihò ẹ̀ wọlé, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra wọn á sì fi eyín já a. Wáyà líle tí ihò ẹ̀ ò ju ààbọ̀ ínṣì lọ ni kẹ́ ẹ rà, kó kàn án mọ́ inú pákó kí wọ́n má bàa rí pákó jẹ, kó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ náà. Páànù á bo ìdajì òkè, oòrùn á máa wọ ìdajì tó kù. Kó ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sókè, kẹ́ ẹ sì gbé àpótí kékeré kọ́ sókè fún oorun wọn.

Ìjàlọ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù nílẹ̀ wa níbí, torí lóru kan ṣoṣo ó lè pa ohun tó bá wà nínú kéèjì tí ò ríbi sá sí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kéèjì sínú agolo tẹ́ ẹ bu ọ́ìlì sí, kí ẹ̀ka igi kankan má kan án lára.

Ẹyìn, ẹ̀pà tí ò níyọ̀, ìbẹ́pẹ, ewé àti ẹ̀ka tútù ni kẹ́ ẹ máa fún wọn, kì í ṣe búrẹ́dì. Kí àwọn ọmọ má gbé wọn mọ́ra mọ́ rárá: wọ́n ti rí kòkòrò àrùn mpox (monkeypox) lára ọ̀kẹ́rẹ́ ní Congo lọ́dún 1985, àrùn yẹn náà ló tún jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2017. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Tí èyíkéyìí bá ń ṣàìsàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB wà l'Alábàtà.

Tí wọ́n bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nínú kéèjì náà, láàárọ̀ tí òjò ò ṣú, ẹ fi ọ̀pá gígùn kan so kéèjì mọ́ igi tó wà nítòsí kí wọ́n lè gbà á lọ sórí igi, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lókè, kẹ́ ẹ wá kúrò níbẹ̀. Ẹ má lé wọn jáde o. Òmíì máa jáde kíá, òmíì máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ọ̀sán, tálẹ́ bá lẹ́ wọ́n lè padà wá sùn. Ẹ máa gbé oúnjẹ síbẹ̀, ẹ má sì tú kéèjì yẹn títí oúnjẹ á fi máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹnu kàn án.