Òṣùká láàárín ọ̀kọ̀ méjì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú fọ́tò tí bàbá bàbá mi yà nígbà tí wọ́n lọ jagun ní Bọ́mà, àmì kan wà lápá ẹ̀wù wọn: ọ̀kọ̀ méjì dábùú ara wọn, wọ́n sì gba inú nǹkan roboto kan kọjá. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? – Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òṣùká alárùú ni nǹkan roboto náà. Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìpín ńlá kan lára ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló ni àmì yìí. Ọdún 1943 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nàìjíríà ló ni méjì nínú bìrìgéèdì (ẹ̀ka ọmọ ogun) rẹ̀ mẹ́ta, Góòlù Kóòsì, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ló sì ni ẹ̀kẹta. Kìnnìún, idì àti idà ló pọ̀ jù lára àmì ogun àwọn ará Yúróòpù, ìdí nìyẹn tí mo fi ka òṣùká yìí sí ohun àmúyangàn. Nínú igbó àti òkè Arákàn ní Bọ́mà (Myanmar òde òní), níbi tí ọkọ̀ kò ti lè kọjá, orí ni àwọn alárùú fi ń ru ọta ìbọn àti àpótí oúnjẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń yìnbọn. Bí ọ̀kọ̀ ṣe gba inú òṣùká kọjá ń fi hàn pé bí kò bá sí alárùú, jagunjagun kò lè jà. Ó yẹ kí àwọn tó ń pìtàn ogun náà máa dárúkọ wọn ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ.

Àmì yìí yàtọ̀ sí igi ọ̀pẹ, tí í ṣe àmì gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ ogun RWAFF (Royal West African Frontier Force), ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ṣa àwọn jagunjagun náà jọ.

Ní ti Dífíṣọ̀n 81, tí òun náà jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni àmì tiwọn. Ananse inú àlọ́ àwọn Ashanti ni, ẹni tó ń fi ọgbọ́n borí alágbára bíi Ìjàpá tiwa. Àwọn Haúsá náà ní aláǹtakùn inú àlọ́ tí wọ́n ń pè ní Gizo, nítorí náà kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń rán an mọ́ apá ẹ̀wù pẹ̀lú orí ní ìsàlẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ọmọ ogun bá na apá láti yìnbọn, iwájú, síhà ọ̀tá, ni aláǹtakùn náà yóò kọjú sí.